Ẹsẹ̀ tó ń kú, tó sì ń wú: ṣé àìtó fítámì B1 lè fà á?

Àbẹ̀ní Ògbómọ̀ṣọ́:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ìbéèrè kan ń gbé mi lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí àwọn tó mọ̀ nípa ìlera àti oúnjẹ bá mi dá sí i. Àbúrò ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Kékeré, ń gbé nítòsí Ọjà Jagun ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, wọ́n sì ti kọjá ọgọ́ta ọdún. Láti ìgbà tí a ti mọ̀ pé wọ́n ní ọgbẹ́ inú ni wọ́n ti pa ẹ̀wà, ẹ̀pà, ẹran àti ata tì, nítorí àwọn aládùúgbò sọ fún wọn pé àwọn oúnjẹ wọ̀nyí ló ń ru ọgbẹ́ náà sókè. Ògì ni wọ́n ń mu láàárọ̀, wọ́n á mu gàrí lọ́sàn-án, tó bá sì di alẹ́, àmàlà pẹ̀lú ewédú lásán ni. Bí wọ́n ṣe ń jẹun nìyẹn láti ọ̀pọ̀ oṣù wá.

Àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ló kọ́kọ́ ń jó wọn lóru. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í kú, tó fi jẹ́ pé sálúbàtà lè bọ́ lẹ́sẹ̀ wọn lójú ọ̀nà kí wọ́n má mọ̀. Ní báyìí, bí wọ́n bá lóṣòó láti fọ abọ́, wọn kò lè dìde láìdi nǹkan mú. Láìpẹ́ yìí ni ẹsẹ̀ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bí a bá fi ìka tẹ ojú rẹ̀, ibẹ̀ á wọnú, kò sì ní tètè padà. Àyà wọn a sì máa lù kìkì bí wọ́n bá rìn díẹ̀.

A ti yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn wò, kò ga, ìfúnpá wọn kò sì ru. Àwọn kan nínú ẹbí ní wọ́n tẹ oògùn lọ́jà. Dókítà kan tó rí wọn ní ilé ìwòsàn kan mẹ́nu ba àìtó fítámì B1, ó sì kọ oògùn tí ń mú kí ènìyàn tọ̀ àti àwọn oògùn mìíràn, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà, a kò rí àyè béèrè ọ̀rọ̀. Ṣé lóòótọ́ ni oúnjẹ nìkan lè sọ ẹsẹ̀ ènìyàn dà báyìí? Ṣé bíkó, hóró oògùn tí oríṣiríṣi fítámì B wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, tó láti fi wò ó? Ẹ jọ̀wọ́, mo tún fẹ́ mọ̀ bóyá ó yẹ kí a bẹ̀rù fún ọmọ wọn obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí ọmọ náà kò tíì pé oṣù mẹ́ta, nítorí inú ìkòkò kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń jẹun.

Ìyá Agbẹ̀bí:

Àbẹ̀ní ọmọ mi, o kú ìtọ́jú Màmá o, Olúwa á fún wọn ní àlàáfíà. Kí n tó dáhùn èyí tí o béèrè, jẹ́ kí n sọ ohun tó kánjú jù. Ẹsẹ̀ tó wú tí ìka ń rì sínú rẹ̀, tí àyà sì tún ń lù kìkì, fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀ràn náà ti dé ọ̀dọ̀ ọkàn. Ẹ má ṣe dúró de ìdáhùn wa tán kí ẹ tó gbé wọn padà lọ. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni méjì ló wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ti Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá àti ti Yunifásítì Bowen, tí ó ti wà láti ọdún 1907 nígbà tó ṣì jẹ́ ilé ìwòsàn àwọn Onítẹ̀bọmi. Ẹ lọ sí èyí tó bá yá jù, kí ẹ sì sọ fún wọn ní ẹnu ọ̀nà pé mímí ń ni Màmá lára, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lè tètè dá wọn lóhùn.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì. Beriberi ni orúkọ àrùn tí àìtó fítámì B1 ń fà, fítámì B1 yìí kan náà sì ni wọ́n ń pè ní táyámíìnì. Ọ̀nà tó ń gbà yọjú kò jọra lára gbogbo ènìyàn. Èyí tí wọ́n ń pè ní beriberi gbígbẹ ń ba àwọn iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ, tí wọ́n sì ń gbé àṣẹ láti ọpọlọ wá sí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ jẹ́. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló máa ń bẹ̀rẹ̀ pọ̀, nítorí pé àwọn iṣan tó gùn jù lọ ló ń kọ́kọ́ jìyà. Àtẹ́lẹsẹ̀ á máa jó, á máa kú, ẹran tó wà lẹ́yìn ojúgun á máa dun ènìyàn bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, agbára itan náà á sì máa dínkù. Ìlóṣòó tí o sọ yẹn gan-an ni àwọn dókítà àtijọ́ fi ń dán aláìsàn wò kí ẹ̀rọ àyẹ̀wò tó dé: wọ́n á ní kó lóṣòó, kó sì dìde láìdi ohunkóhun mú. Ẹni tí beriberi bá ti mú lẹ́sẹ̀ kì í lè ṣe é.

Èyí tí wọ́n ń pè ní beriberi olómi ni mo bẹ̀rù fún Màmá. Nínú rẹ̀, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ á là gbàgà, ọkàn á wá máa sáré láti fi ẹ̀jẹ̀ kún wọn, bẹ́ẹ̀ agbára tí ọkàn fi ń ṣiṣẹ́ ti dínkù nítorí fítámì tí kò sí. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ aláìsàn lè máa gbóná, omi á máa kó sí ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà á dé ẹ̀dọ̀fóró, kò sì ní lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn dáadáa. Irú rẹ̀ kan wà tó ń yára tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè gba ẹ̀mí láàárín wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ mélòó kan. Ohun tó mú inú mi dùn nípa àrùn yìí, tí mo sì fẹ́ kí ẹ di mú, ni pé bí wọ́n bá tètè fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ táyámíìnì, ọkàn náà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀. Iṣan ẹsẹ̀ ni kì í yá bẹ́ẹ̀. Ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù, bí ó bá sì ti pẹ́ jù kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, òmíràn kì í padà sípò tán.

Kí a má sì kàn fi gbogbo rẹ̀ lé B1 lórí láìjẹ́ kí wọ́n yẹ wọ́n wò. Ẹsẹ̀ lè wú nítorí kíndìnrín, ẹ̀dọ̀ tàbí àìsàn ọkàn tí kò ní í ṣe pẹ̀lú oúnjẹ, ẹsẹ̀ sì lè kú nítorí àìtó fítámì B12. Dókítà á wo àwọn wọ̀nyí pẹ̀lú. Ohun tí dókítà tó mọṣẹ́ kì í ṣe ni pé kó dá abẹ́rẹ́ B1 dúró títí èsì àyẹ̀wò yóò fi dé, nítorí àyẹ̀wò ìwọ̀n táyámíìnì nínú ẹ̀jẹ̀ kì í sí ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, abẹ́rẹ́ náà kò wọ́n, ewu rẹ̀ sì kéré gan-an sí ti dídúró. Bí ara bá dáhùn sí i, ìyẹn náà jẹ́ ẹ̀rí.

Ní ti pé wọ́n tẹ oògùn, mo bẹ ẹbí yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà gba àkókò lọ́wọ́ wọn. Mo ti rí àwọn tí wọ́n ń gbé kiri ilé ìtọ́jú mìíràn fún ẹsẹ̀ kíkú títí tí ohun tó ṣeé wò fi di ohun tí kò ṣeé wò mọ́.

Olùkọ́ Ìmọ̀ Oúnjẹ:

Mo kí gbogbo yín. Ìyá Agbẹ̀bí ti sọ èyí tó jẹ́ ti ìwòsàn, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́, bóyá oúnjẹ nìkan lè fà á. Ó lè fà á dáadáa, irú oúnjẹ tí Àbẹ̀ní sì kà sílẹ̀ yẹn ni ó ń fà á.

Ara wa ń yí ìyẹ̀fun inú oúnjẹ padà sí ṣúgà, ó sì ń yí ṣúgà padà sí agbára. Ní orí àwọn ìpele tó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ yìí, táyámíìnì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí iṣẹ́ tó tẹ̀ síwájú. Ẹni tó kó igi gbígbẹ kún ilé ìdáná tí kò ní ìṣáná kò lè dá iná, bẹ́ẹ̀ náà ni ara tí ó kún fún àmàlà àti gàrí ṣe lè máa ṣaláìní agbára. Ọpọlọ, iṣan àti ọkàn ló ń jẹ agbára jù, nítorí náà àwọn ni àìtó náà ń kọ́kọ́ bá. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé bí ìyẹ̀fun tí ènìyàn ń jẹ bá ti pọ̀ tó ni B1 tí ara ń béèrè ṣe ń pọ̀ sí i, tó fi jẹ́ pé ẹni tí ń jẹ àmàlà yó láìsí ohun mìíràn lè tètè bọ́ sínú àìtó ju ẹni tí ń jẹun díẹ̀ lọ.

Ìwọ̀n tí a nílò kéré. Ọkùnrin tó ti dàgbà nílò mílígíráàmù 1.2 lójúmọ́, obìnrin nílò 1.1, aboyún àti abiyamọ nílò 1.4. Ṣùgbọ́n ara kì í tọ́jú rẹ̀ pamọ́ bí ó ti ń tọ́jú fítámì A sínú ẹ̀dọ̀. Gbogbo èyí tó wà nínú ara àgbàlagbà tó jí pépé kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n mílígíráàmù lọ, ó sì lè tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta bí òmíràn kò bá wọlé. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ oṣù tí Màmá ti fi ń jẹ irú oúnjẹ yẹn ti pẹ́ jù.

Ní ti ògì, ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Àgbàdo àti ọkà bàbà fúnra wọn ní B1 tó dára, ṣùgbọ́n èèpo àti ojú hóró wọn ni ó pọ̀ sí jù. Nígbà tí a bá rẹ ọkà, tí a lọ̀ ọ́, tí a sẹ́ ẹ, apá yẹn wà nínú èèrí tí a ń dà fún ewúrẹ́. B1 tún ń yọ́ sínú omi, omi tí a fi rẹ ọkà àti omi orí ògì ni a sì ń dà nù léraléra. Iṣu àti gbágùúdá kò ní púpọ̀ láti ilẹ̀, gàrí tí a ti rin, tí a ti fún omi rẹ̀, tí a sì ti yan wá kéré sí i. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni pa àmàlà tì. Àwa ará Ọ̀yọ́ kò lè gbọ́ ìyẹn, kò sì pọn dandan. Ohun tó yẹ kó bá àmàlà rìn ni gbẹ̀gìrì, ẹja tàbí ẹran, irú àti ẹ̀gúsí, àwọn tí ìbẹ̀rù ọgbẹ́ inú gbà lọ́wọ́ Màmá.

Ẹ̀wà gbígbẹ tó wọn ọgọ́rùn-ún gíráàmù ní nǹkan bíi mílígíráàmù 0.8 nínú, nígbà tí ìrẹsì funfun tí wọ́n bó dáadáa láìkọ́kọ́ bọ̀ ọ́ kò tó 0.1. Sísè máa ń dín ti ẹ̀wà kù, kò sì burú, bí a kò bá fi káún kún un. Mo fẹ́ tẹnu mọ́ káún yìí, nítorí pé gbogbo ilé ni wọ́n ti ń fi í sínú ẹ̀wà kó lè tètè rọ̀, àwọn mìíràn sì ń fi í sínú ewédú. Táyámíìnì lè fara da ohun kíkan díẹ̀, ṣùgbọ́n káún ń bà á jẹ́ kíá, pàápàá lórí iná. Ẹ rẹ ẹ̀wà mọ́jú, tàbí kí ẹ fi í sínú ìkòkò tí ń fi agbára ooru sè é, ẹ kò ní nílò káún.

Kò yẹ kí a torí ọgbẹ́ inú sá fún ẹ̀wà. Kòkòrò àìfojúrí kan tí wọ́n ń pè ní Helicobacter pylori àti oògùn ìrora tí ènìyàn ń lò láìdáwọ́ dúró ni ó ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ọgbẹ́ inú, oògùn sì wà tí ń pa kòkòrò náà. Bí ẹ̀wà bá ń mú kí inú Màmá kún, kí wọ́n jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí ó jẹ́ ọ̀lẹ̀lẹ̀ tàbí gbẹ̀gìrì, kí wọ́n sì béèrè fún àyẹ̀wò kòkòrò náà ní ilé ìwòsàn. Mo gbà pé ìmọ̀ràn àwọn aládùúgbò yẹn ti inú ìfẹ́ wá, ṣùgbọ́n ó ti ná Màmá ní ohun tó pọ̀.

Àìsàn yìí ti kọ́ gbogbo ayé lẹ́kọ̀ọ́ kan náà. Ní ọdún 1883, ọkọ̀ ojú omi ológun Japan kan tí ń jẹ́ Ryujo padà dé láti ìrìn àjò gígùn. Nínú ọkùnrin 376 tó wà nínú rẹ̀, beriberi mú 169, 25 sì kú. Ìrẹsì funfun ni oúnjẹ wọn. Dókítà Takaki Kanehiro mú kí wọ́n fi ọkà bálì, ẹran àti ẹ̀wà kún oúnjẹ àwọn tó tẹ̀ lé wọn lójú ọ̀nà kan náà ní ọdún 1884, àìsàn náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Purotéènì ni Takaki rò pé ó ṣe iṣẹ́ náà. Ní erékùṣù Java ni dókítà ará Netherlands kan, Christiaan Eijkman, ti rí i pé adìẹ tí ń jẹ ìrẹsì bíbó ń ta gọ̀ọ̀gọ̀ọ̀, èyí tí ń jẹ ìrẹsì pẹ̀lú èèpo inú rẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1926 ni Jansen àti Donath tó yọ fítámì náà gan-an jáde láti inú èèpo yẹn, Eijkman sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1929.

Ọmọ Ìkàrẹ́ Nílùú Ọ̀yọ́:

Ẹ ṣeun, Olùkọ́. Mo fẹ́ fi ohun kan kún un tó ṣẹlẹ̀ láàárín wa níbí, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àrùn àwọn ará Japan tàbí Java ni. Ní Ìkàrẹ́, Iléṣà, Ilé-Ifẹ̀ àti agbègbè wọn, àìsàn kan máa ń jà lákòókò òjò, láàárín oṣù keje sí oṣù kẹwàá. Ènìyàn á jẹun tán, lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kò ní lè rìn tọ̀ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lè máa wúwo, nígbà mìíràn iyè rẹ̀ kì í sọ jí dáadáa. Láti àwọn ọdún 1950 ni àwọn dókítà ti kọ nípa rẹ̀, tí wọn kò sì mọ ohun tó ń fà á.

Dókítà Adamolekun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi hàn ní àwọn ọdún 1990 pé àwọn tó ń ṣàìsàn náà ti jẹ kòkòrò sányán, èyí tí a ń gba òwú aṣọ sányán láti inú ilé rẹ̀. Àwọn tí kò lówó láti ra ẹran tàbí ẹja ń yan án jẹ pẹ̀lú oúnjẹ oníyẹ̀fun lákòókò tó bá pọ̀ nínú igbó. Nígbà tí wọ́n fún àwọn aláìsàn ní táyámíìnì, ara wọn yá ju ti àwọn tí wọn kò fún lọ. Ní ọdún 2000, àwọn olùwádìí ará Japan ṣàlàyé pé èròjà kan wà nínú kòkòrò náà tí ń fọ́ táyámíìnì túútúú, àti pé ooru tí a fi ń yan án lásán kì í pa èròjà náà tán. Ara tí B1 rẹ̀ ti kéré láti ilẹ̀ nítorí gbágùúdá àti iṣu ni èyí ń bi ṣubú. Bí Màmá Kékeré tàbí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá ń jẹ kòkòrò yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún dókítà.

Apòògùn Sábó:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní ti bíkó, ìlànà tí wọ́n fi ń ṣe bíkó kékeré lásán fi nǹkan bíi mílígíráàmù kan péré ti B1 sínú hóró kọ̀ọ̀kan. Ó dára fún ẹni tí kò ṣàìsàn tó kàn fẹ́ fi kún oúnjẹ rẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú, tí omi sì ti kó sí i lára, ọgọ́rùn-ún mílígíráàmù àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ilé ìwòsàn ń fún un, abẹ́rẹ́ ni wọ́n sì ń fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí á máa lo bíkó fún oṣù, á máa rò pé òun ń tọ́jú ara òun.

Oògùn tí ń mú kí ènìyàn tọ̀, irú furosemide, ń dín ẹsẹ̀ wíwú kù, ó sì ń ran ọkàn lọ́wọ́. Bí ìtọ̀ ti ń pọ̀ ni B1 náà ń bá ìtọ̀ jáde. Ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín, nítorí omi tó wà lára Màmá lè léwu, ṣùgbọ́n ẹ bi dókítà pé, “Ṣé ẹ ti kọ táyámíìnì mọ́ ọn?” Ìbéèrè tó yẹ ni, kò sì ní bí dókítà tó gbọ́n nínú.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ fífa omi sí ènìyàn lára. Bí ó bá ti rẹ ẹnikẹ́ni ní àdúgbò wa, wọ́n á ní kó lọ fa omi, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù oògùn á sì gbé omi ṣúgà kọ́ ọ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí B1 ti tán nínú ara rẹ̀, bí ṣúgà bá rọ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lójijì, ara á fi ìwọ̀nba B1 tó ṣẹ́ kù ná orí ṣúgà náà, ọpọlọ á sì jìyà rẹ̀. Ìyẹn ni àìsàn tí wọ́n fi orúkọ Carl Wernicke, ará Jámánì tó ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1881, pè: ojú á máa yí sódì tàbí kó dúró sójú kan, ènìyàn á máa ta gẹ̀gẹ̀, ọkàn rẹ̀ á dàrú. Kò dìgbà tí gbogbo àmì mẹ́ta bá pé, àwọn tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn lára wọn kò pọ̀. Bí wọn kò bá tètè wò ó, ó lè di irú ìgbàgbé tí ènìyàn kò fi ní lè mú ohun tuntun sọ́kàn mọ́, tí á sì máa fi ìtàn tí kò ṣẹlẹ̀ dí àlàfo ibẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní táyámíìnì kí wọ́n tó fa omi ṣúgà sí i, tàbí kí wọ́n fún un ní méjèèjì pọ̀. Bí ṣúgà Màmá bá lọ sílẹ̀ gan-an, wọn kò ní dá ṣúgà náà dúró nítorí ìyẹn, ṣùgbọ́n B1 gbọ́dọ̀ bá a rìn.

Àwọn tí ń mu ògógóró àti ọtí líle lójoojúmọ́ ló wà nínú ewu yìí jù, nítorí ọtí kì í jẹ́ kí ìfun gba B1 dáadáa, bẹ́ẹ̀ wọn kì í jẹun. Lẹ́yìn wọn ni àwọn aboyún tí ń bì láìdáwọ́ dúró, àwọn tó ń ṣe ìgbẹ́ gbuuru fún ìgbà pípẹ́, àti àwọn tí wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ wọn nítorí kíndìnrín.

Àbẹ̀ní Ògbómọ̀ṣọ́:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. A gbé wọn padà lọ lọ́jọ́ tí Ìyá Agbẹ̀bí kọ̀wé. Wọ́n dá wọn dúró, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ táyámíìnì pẹ̀lú oògùn omi náà. Wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ fún kíndìnrín àti B12, wọ́n sì fi ẹ̀rọ wo ọkàn wọn. Mímí wọn ti fúyẹ́, wọ́n ti ń fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, wíwú ẹsẹ̀ náà ti ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ ṣì ń jó wọn, ìlóṣòó kò sì tíì ṣeé ṣe, wọ́n ní kí a ní sùúrù fún ìyẹn. Wọ́n á yẹ wọ́n wò fún kòkòrò ọgbẹ́ inú náà kí wọ́n tó jáde. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ nípa oògùn títẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ lọ fún wọn báyìí, ọ̀lẹ̀lẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Kòkòrò sányán kò sí nínú ohun tí wọ́n ń jẹ.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìyá ọmọ àti ọmọ náà. Ọmú nìkan ni ọmọ ń mu. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni a ó ṣe?

Ìyá Agbẹ̀bí:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín náà.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ni mo ti ń retí pé kí o padà béèrè, ó sì yẹ kí a mú un ní kánjúkánjú. Omi ọmú kì í ní B1 ju èyí tí ìyá bá ní lọ. Ìyá tí B1 rẹ̀ kéré lè máa rìn, kó máa ṣiṣẹ́, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kàn máa ta á díẹ̀, nígbà tí ọmọ tó ń mu ọmú rẹ̀ ti wà nínú ewu. Láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹfà ni beriberi ọmọ ọwọ́ sábà máa ń yọjú, oṣù tí ọmọ yín ń wọ̀ lọ báyìí. Ọmọ náà kò ní fẹ́ mu ọmú mọ́, á máa bì, ara rẹ̀ kò ní balẹ̀. Ohùn ẹkún rẹ̀ á há, nígbà mìíràn ẹ ó rí i pé ó la ẹnu, ó ń sunkún, ohùn kò jáde. Á máa mí gúlegúle, ètè rẹ̀ lè dúdú. Bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú wọn, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni, ì báà jẹ́ òru, nítorí irú èyí lè pa ọmọ láàárín wákàtí mélòó kan, abẹ́rẹ́ táyámíìnì sì lè gbà á là láàárín àkókò kan náà.

Bí kò bá sí àmì kankan lára ọmọ, kí ìyá rẹ̀ má ṣe já ọmú lẹ́nu rẹ̀ o. Ọmú ṣì ni oúnjẹ tó dára jù fún un. Ẹ jẹ́ kí ìyá náà tẹ̀ lé yín lọ sí ilé ìwòsàn níbi tí Màmá wà, kó gbé ọmọ lọ́wọ́, kó sì sọ fún dókítà ohun tí òun ti ń jẹ láti ìgbà oyún. Wọ́n á kọ táyámíìnì fún un, ìwọ̀n tó wà nínú ọmú rẹ̀ á sì gòkè láàárín ọjọ́ díẹ̀. Dókítà ọmọdé ni yóò pinnu bóyá kí wọ́n fún ọmọ náà ní tirẹ̀. Nílé, kí ó jẹ ẹ̀wà tí kò ní káún, kí ó jẹ ẹyin àti ẹja bí agbára bá ti mọ, kí ó sì fi ẹ̀pà kún ògì tó ń mu láàárọ̀. Bí ó bá ń kíyè sí pé ẹsẹ̀ òun náà ń kú lóru, kí ó sọ ọ́, kí ó má ṣe pa á mọ́ra nítorí pé ọ̀rọ̀ Màmá ló wà nílẹ̀.